Omi ń Jáde, Síbẹ̀ Ẹ́ńjìnì ń Gbóná

Catalina 30 kan tí wọ́n kàn ní 1984 ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ọkọ̀ onígbòkun tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà 30. Ẹni tó ni ín jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Baltimore. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń bi í léèrè irú Ìjẹ̀bú tó ń kówó lé ohun tí kò lè mú èrè kọ́bọ̀ kan wálé. Ẹ̀rín ló fi ń dá wọn lóhùn. Rock Creek ló so ọkọ̀ náà sí, odò kékeré tó ṣàn wọ Patapsco kí Patapsco tó wọ omi Chesapeake ní ìpínlẹ̀ Maryland.

Ẹjọ́ tó torí ẹ̀ pè mí kò ṣòro láti sọ. Bó bá ń rọra lọ, ara ẹ́ńjìnì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí yíyí ẹ́ńjìnì bá ti kọjá 2,200 ní ìṣẹ́jú kan, kò ní pẹ́ tí abẹ́rẹ́ géèjì ooru á fi kúrò ní 160, á gba 180 kọjá, á sì forí lé 210. Fahrenheit ni mo ń kà o, torí òun ni wọ́n kọ sójú géèjì. Bó bá dín iná kù, abẹ́rẹ́ á tún padà wálẹ̀. Ó ti bá a yí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi sùúrù wa ọkọ̀, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Keje tí atẹ́gùn kú pátápátá nígbà tó wà lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Baltimore. Ìgbòkun rọ̀ wálẹ̀, ẹ́ńjìnì nìkan ló kù, ó sì ní láti yára kúrò níbẹ̀. Bó ṣe fi iná sí i ni aago ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ létí ọ̀nà, aládùúgbò rẹ̀ kan lébùúté ló wá fà á wálé.

Ẹni tó bá mọ omi yẹn á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí afárá Francis Scott Key ti wó ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí iná kú nínú ọkọ̀ ẹrù tó ń jẹ́ Dali tó sì lọ kọlu òpó afárá náà. Ọkọ̀ tó tóbi báyẹn ò lè dúró fún ẹnikẹ́ni.

Kó tó pè mí, wọ́n ti pààrọ̀ oríṣiríṣi nǹkan. Omi kúláńtì tuntun. Tẹ́mósítáàtì tuntun, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí ooru ń ṣí fún omi kúláńtì. Fánbẹ́ẹ̀tì tuntun. Ní ọdún tó ṣáájú, mẹkáníìkì kan lébùúté ti fi impẹ́là tuntun, ìyẹn rọ́bà alábẹ́ tó ń yí láti fa omi, sínú pọ́ǹpù omi. Ibi iṣẹ́ ọkọ̀ kan wá sọ fún un pé ẹ́ńjìnì ọ̀hún ti darúgbó, kó jẹ́ kí wọ́n gbé tuntun sí i. Iye tí wọ́n kọ fún un lé ní $15,000, ìyẹn ju iye tó ra ọkọ̀ náà lọ dáadáa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkó sì sọ fún un lórí fóònù pé kó kàn yọ tẹ́mósítáàtì sọnù, wàhálà á tán.

Ìmọ̀ràn tó gbẹ̀yìn yẹn, mo mọ ilé rẹ̀. Kí n tó dé Maryland, ẹ́ńjìnì jẹnẹrétọ̀ àti ti mọ́tò ni mò ń tún ṣe ní Mushin, mi ò sì lè ka iye mọ́tò tí mo rí tí kò ní tẹ́mósítáàtì nínú mọ́. Àwa mẹkáníìkì ló sọ ọ́ di àṣà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí tẹ́mósítáàtì ń ṣe. Ti ẹ́ńjìnì yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 160. Nígbà tí ooru bá fi máa dé 200, ó ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi ń gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe fẹ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹ́ńjìnì ṣì ń gbóná jù, ẹ yọ ọ́, ẹ má yọ ọ́, ọ̀kan náà ni. Ohun tí yíyọ rẹ̀ máa fún yín ni ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ ní tútù nígbà tí ẹ bá ń rọra lọ, epo rẹ̀ kò sì ní jó tán, èéfín rẹ̀ á máa di èédú sínú sàlẹ́ńsà. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n ki tẹ́mósítáàtì náà sínú omi lórí sítóòfù kó máa wò ó. Ó ṣí dáadáa. A dá a padà sáàyè rẹ̀, a ò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.

Ẹ́ńjìnì náà ni Universal M-25. Síléńdà mẹ́ta ló ní, agbára rẹ̀ sì tó ẹṣin 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Universal kọ́ ló rọ irin rẹ̀. Kubota ti ilẹ̀ Japan ló rọ ọ́, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú kátakàtà kékeré. Universal wá fi àwọn nǹkan tó bá omi mu sí i, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ wúrà. Irin rẹ̀ le. Mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ju Kubota sọnù torí pé ó gbóná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irin ọ̀hún ló jẹ̀bi.

Oríṣi omi méjì ló ń tu ẹ́ńjìnì yìí lára, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tó wá láti ìdí mọ́tò ti ń ṣìnà. Omi inú ni kúláńtì. Ó ń yí káàkiri inú irin ẹ́ńjìnì, fánbẹ́ẹ̀tì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń tì í, kì í jáde. Omi ìta ni omi Chesapeake fúnra rẹ̀. Ó ń gba fáàfù ìdí ọkọ̀ wọlé, ó ń gba inú asẹ́, pọ́ǹpù kejì tó ní impẹ́là rọ́bà á fà á, á tì í wọ inú heat exchanger, láti ibẹ̀ á bọ́ sínú ìgbọ̀nwọ́ sàlẹ́ńsà, á dà pọ̀ mọ́ èéfín, wọ́n á sì jọ jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Heat exchanger yìí ló rọ́pò rèdíétọ̀. Ọ̀pá bàbà kan ni, tí àwọn ọ̀pá tínínrín kún inú rẹ̀. Omi ìta ń gba inú àwọn ọ̀pá tínínrín, omi inú ń yí wọn ká; wọn kì í fara kanra, ooru nìkan ló ń ré kọjá láti ọ̀dọ̀ èkíní sí èkejì. Èmi á máa pè é ní ọ̀pá bàbà.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ló rí báyìí. Àwọn Catalina 30 àkọ́kọ́ ní Atomic 4, ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé omi ìta ló ń wọ inú irin ẹ́ńjìnì gan-an. Ìyẹn ní ìyà tirẹ̀, torí iyọ̀ á máa jẹ irin náà láti inú.

Ohun tó ń tù mí nínú lórí Catalina 30 ni pé ó pọ̀. Frank Butler ló yà á, láti 1974 títí di 2008 ni wọ́n fi ń kàn án, iye rẹ̀ sì lé ní 6,000. Àrùn tó bá ń ṣe ọ̀kan ti ṣe ẹgbẹ̀rún rí. Àrùn kan wà tí àwọn tó ní M-25 mọ̀ dunjú: pílọ́ọ̀gì tó so waya ẹ́ńjìnì mọ́ pátákó géèjì. Ó máa ń dípẹtà, iná ò ní kọjá dáadáa mọ́, géèjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fọwọ́ kan omi kankan kí n tó mọ̀ bóyá ooru náà tiẹ̀ wà lóòótọ́. Mo ní ìbọn ooru, irú èyí tí èèyàn á kàn yìn sára nǹkan tí á sì ka bó ṣe gbóná tó. Nígbà tí géèjì wí pé 200, ìbọn náà ka 196 lára ilé tẹ́mósítáàtì. Géèjì ò parọ́. Ẹ́ńjìnì gbóná.

Mo wo epo ẹ́ńjìnì: kò funfun, omi ò dà pọ̀ mọ́ ọn. Mo ṣí ìdérí kúláńtì nígbà tó tutù, mo ní kí ẹ̀gbọ́n jí ẹ́ńjìnì: kò sí ìtàkùtà omi, kò sí òórùn èéfín. Tọ́ọ̀pù gásìkẹ́ẹ̀tì, èyí tó dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, ò tíì jó nìyẹn, mo sì dúpẹ́, torí ká ní ó ti jó ni, ìtàn mìíràn là bá máa sọ.

Ẹ wá wo bí ẹjọ́ ọ̀hún ṣe rí. Ẹ́ńjìnì tó tutù ní ìrìn pẹ̀lẹ́, tó ń gbóná bó bá ń sáré, tó tún ń tutù padà bí wọ́n bá dín iná kù: ìyẹn kì í ṣe ohun tó dí pátápátá. Ohun tí ò tó ni. Iṣẹ́ ìtutù ń lọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ò ká ooru tó ń jáde nígbà iṣẹ́ líle. Omi Chesapeake fúnra rẹ̀ sì ń gbóná tó 80 sókè nínú oṣù Keje, nítorí náà àyè tí ọ̀pá bàbà ní láti fi ṣe àṣìṣe ò pọ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n nípa omi ìta. Ó ní, “Àbúrò, omi ń jáde dáadáa. Wá wò ó fúnra rẹ.” Lóòótọ́ ni. Omi ń tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń tú, ó ń dá, ó ń tú, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ kó máa ṣe. Gbogbo ẹni tó ti wo ẹ́ńjìnì náà ṣáájú mi ló dúró sí bèbè èbúté, tó rí i, tó sì fi ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ni omi tó ń jáde? Kò sẹ́ni tó béèrè. Èéfín funfun kan tún wà tó ń tẹ̀ lé e, tó ń pòórá lójú ẹsẹ̀. Atẹ́gùn omi gbígbóná ni, kì í ṣe epo tó ń jó. Nígbà tí omi bá kéré nínú sàlẹ́ńsà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Mo mú garawa tó gba gálọ́ọ̀nù 5, mo wọ ọkọ̀ onírọ́bà kékeré ẹ̀gbọ́n, mo lọ gbé e sábẹ́ ẹnu sàlẹ́ńsà. Mo gbé orí mi sá fún èéfín, torí kò sí ohun tó ń yára pa èèyàn láriwo kékeré bíi rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi yíyí ẹ́ńjìnì sí 2,000, ó ń ka aago. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí garawa tó kún. Irú pọ́ǹpù yẹn, ní irú yíyí yẹn, ó yẹ kó kún un ní bí ìdajì àkókò ọ̀hún.

Àwọn kan máa ń yọ hóòsì kúrò lára ìgbọ̀nwọ́ sàlẹ́ńsà kí wọ́n lè wọn omi níbẹ̀ láìjáde kúrò nínú ọkọ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Omi ìta ló ń tu hóòsì rọ́bà sàlẹ́ńsà lára. Bí ẹ bá yà á sọ́nà mìíràn tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, èéfín gbígbóná gbẹrẹfu ló máa wọ inú rọ́bà yẹn, kò sì ní pẹ́ tí á fi yọ́.

Láti ibi tí a dé yìí, iṣẹ́ ọ̀hún di títọ ipa omi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti fáàfù ìdí ọkọ̀, mo yọ hóòsì, mo ní kí ẹ̀gbọ́n ṣí i díẹ̀. Omi rú sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lójú. Ẹnu ọ̀nà mọ́ nìyẹn. Nínú asẹ́, ewéko díẹ̀ wà, àti yọ̀ọ́yọ̀ọ́ kan tó kù lára sea nettle, ẹran omi tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, tó máa ń ta èèyàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá ṣọ̀wọ́n tí omi iyọ̀ sì gòkè, wọ́n máa ń pọ̀ débi pé wọ́n lè dí asẹ́ láàárín wákàtí kan. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò tó nǹkan. Mo fọ̀ ọ́, a tẹ̀ síwájú.

Mo ṣí pọ́ǹpù. Impẹ́là inú rẹ̀ ṣì dára, gbogbo abẹ́ rẹ̀ pé, wọ́n ṣì rọ̀. Pẹpẹ irin tó bò ó ti ha díẹ̀. Mo yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jọ̀lọ̀ kọjú sínú, mo gé pépà gásìkẹ́ẹ̀tì tuntun fún un. Pọ́ǹpù kọ́.

Mo wá bi ẹ̀gbọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n, impẹ́là àtijọ́ tí wọ́n yọ lọ́dún tó kọjá, ṣé gbogbo abẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n yọ ọ́?”

Ó ní òun ò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó tú abẹ́ àga ọkọ̀ wò, ó gbé agolo Bournvita kan jáde. Ẹ̀gbọ́n kì í ju nǹkan nù. Nọ́ọ̀tì wà nínú agolo náà, bóòtù wà, fíúsì tó ti jó wà, impẹ́là àtijọ́ náà sì wà nísàlẹ̀, ó ti le koko. Abẹ́ méjì ò sí lára rẹ̀. Wọ́n já láti ìdí.

Rọ́bà kì í yọ́ sínú omi. Bí abẹ́ méjì bá já nínú pọ́ǹpù, omi ló máa gbé wọn lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà níwájú pọ́ǹpù. Ẹni tó fi impẹ́là tuntun sí i rí i pé abẹ́ ò pé, ó fi tuntun sí i, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Mi ò lè fojú kékeré wo ìyẹn. Kíka abẹ́ impẹ́là tí èèyàn yọ kì í gba ìṣẹ́jú kan.

A yọ ọ̀pá bàbà. Ti M-25 tètè ṣe é yọ bí èèyàn bá ti rí àyè fọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, àmọ́ àyè yẹn gan-an ni kò sí. Èmi ni mo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n ń di iná mú, ó ń na sípánà sí mi bí ẹni ń ran dókítà lọ́wọ́ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ tó ṣe fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ibi tí omi ń gbà wọlé, abẹ́ rọ́bà kan nà gbọọrọ sójú àwọn ọ̀pá tínínrín. Èkejì ti ká, ó há sẹ́nu hóòsì. Nísàlẹ̀, síńkì jíjẹ ti kó jọ bí ẹ̀rún.

Síńkì yẹn ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ o. Ọ̀pá kékeré kan ni wọ́n máa ń fi bóòtù de mọ́ ara ọ̀pá bàbà kí omi iyọ̀ lè máa jẹ ẹ́ dípò bàbà. Bó bá ti jẹ dé ìdajì ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù á já bọ́ sínú, á sì máa dí ọ̀nà. Àwọn tó ń ranti láti fi tuntun sí i máa ń gbàgbé pé èyí tó já bọ́ ṣì wà nínú ibẹ̀. Láti ọwọ́ àwọn tó ni ọkọ̀ yìí ṣáájú ẹ̀gbọ́n, èérún síńkì bí ọdún mélòó kan ni mo gbọ̀n jáde.

Nínú àwọn ọ̀pá tínínrín fúnra wọn, ẹrẹ̀ ti gbẹ, funfun líle kan sì ti bò wọ́n láti inú. Mo fi ọ̀pá igi tínínrín kan gba inú wọn kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, mo rì í sínú ásíìdì tí mo ti bu omi là. Ásíìdì ni ẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi sínú ásíìdì, ẹ fi gíláàsì bo ojú, ẹ ṣe é níta gbangba. Ó hó, ó hó, títí tí híhó náà fi dáwọ́ dúró. Mo fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa. A wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rèdíétọ̀ ṣe ní Glen Burnie, ó fi atẹ́gùn kún inú rẹ̀, ó rì í sínú omi. Kò jò. Mo ti ń bẹ̀rù pé ó lè jẹ́ ìdọ̀tí yẹn nìkan ló ń di ihò rẹ̀ pa.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí ọ̀pá bàbà M-25 tí mo ní láti sọ fún ẹ̀gbọ́n láìfi bò. Ti àwọn M-25 àkọ́kọ́ fẹ̀ ní íǹṣì 2 péré. Nígbà tí M-25XP dé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé ti íǹṣì 3 sí i, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ti gbé ti íǹṣì 3 sára M-25 àtijọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá ká kúkú ra á. Mo ní ká kọ́kọ́ dá èyí padà ká mọ ohun tó lè ṣe nígbà tó mọ́. Tó bá jò lọ́jọ́ kan, íǹṣì 3 ni ká rà, ká má tún wá íǹṣì 2 mọ́. Síńkì tuntun tí a rà gùn jù fún un, ó ń kan àwọn ọ̀pá inú. Mo gé e.

Bí a ṣe da kúláńtì sínú ẹ́ńjìnì padà, ìgbẹ́jọ́ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà ní táǹkì omi gbígbóná fún ìwẹ̀, hóòsì kúláńtì sì gba ibẹ̀ lọ ó sì gba ibẹ̀ bọ̀, apá kan rẹ̀ sì ga ju orí ẹ́ńjìnì lọ. Atẹ́gùn máa ń há síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ géèjì á kàn fò sókè lójijì, á tún já wálẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnì ti kú. Mo tú hóòsì tó ga jù lọ níbi tó ti so mọ́ táǹkì, mo gbé e sókè, mo da kúláńtì sínú rẹ̀ títí ó fi kún dé ẹnu, mo dá a padà. A ṣí ìṣó kékeré tó wà lórí ilé tẹ́mósítáàtì títí tí omi nìkan fi ń ti ibẹ̀ jáde. Kúláńtì àti omi tí a ti sè tí a sì gba ooru rẹ̀, ìdajì-ìdajì, ni mo lò. Omi ẹ̀rọ lásán ní ohun tó ń sọ ara irin di funfun.

Ẹ́ńjìnì ò tètè jí lẹ́yìn gbogbo títú yẹn. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí i. Mo kígbe pé kó dúró, mo sì ti fáàfù ìdí ọkọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí láìjí, pọ́ǹpù omi ìta ń fa omi wọlé, kò sì sí èéfín tó máa tì í jáde. Omi náà á kún sàlẹ́ńsà, bó bá sì kún tán, á padà sínú síléńdà. Omi kò ṣe é tẹ̀ bí atẹ́gùn. Nǹkan tó lè tẹ̀ níbẹ̀ ni irin. Ẹ ti fáàfù títí ẹ́ńjìnì á fi jí, kí ẹ wá ṣí i lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n má baà gbàgbé, ó ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnì kọ́ sára ọwọ́ fáàfù nígbàkigbà tó bá tì í, àṣà tó dára púpọ̀.

Nígbà tó jí, mo tún gbé garawa lọ sẹ́yìn. Ó kún ní bí ìṣẹ́jú méjì. Ó ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. A jáde lọ sí Patapsco, ní 2,200 abẹ́rẹ́ dúró sí 165. Ní 2,600, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, 180, 185, èéfín funfun yẹn sì tún yọjú. Ẹ̀gbọ́n ní kò burú, òun kì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ó burú. Ohun kan ṣì ń dí omi lọ́nà, ibi tó sì kù ní ipa rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ sàlẹ́ńsà lọ.

Ìgbọ̀nwọ́ yìí ni irin tí omi ìta àti èéfín ti pàdé. Kò sí ibi tí iṣẹ́ ti le tó ibẹ̀: iná lápá kan, iyọ̀ lápá kejì. Catalina fi irin páìpù lásán ṣe tirẹ̀, wọ́n fi aṣọ tí kò lè jó wé e, àwọn èèyàn sì máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láé torí wọn ò rí inú rẹ̀. Títú rẹ̀ gba agbára. Epo tí ń tú ìpẹtà, sípánà gígùn, òòlù, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí mi ò ní kọ síbí. Nígbà tó já, mo gbé e sójú oòrùn. Ihò tó yẹ kí ìka mẹ́ta wọ̀ ló ti di ihò tí ìka kan ṣoṣo ń wọ̀. Èédú èéfín àti ìpẹtà ló jọ lẹ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Ní ibi tí omi ti ń já wọ inú rẹ̀, irin náà ti tín débi pé mo fi sukurudiráífà gún un, ó sì wọlé.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́, ó ń wo ihò náà. “Bí ìyẹn bá já lójú omi ńkọ́?” Èéfín á kún inú ọkọ̀, omi á sì máa tú sínú ìdí rẹ̀. Ó ti máa ń sun inú ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ nígbà ìsinmi.

Irin tuntun ni a fi sí i, a sì wé aṣọ tuntun mọ́ ọn. Ẹ má fi páìpù tí wọ́n ti fi síńkì bò síbẹ̀ kí ẹ máa rò pé ẹ ń ṣe é lóore. Ooru èéfín á bó síńkì náà, ìdí ẹ̀ á sì dípẹtà. Irin dúdú tàbí irin tí kì í dípẹtà ni. Garawa kún ní ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. A tún jáde, ẹ̀gbọ́n fi iná sí i títí ẹ́ńjìnì fi dé 2,800, a sì gbà á lọ láti ẹnu Rock Creek títí a fi ń rí afárá Chesapeake Bay lókèèrè. Abẹ́rẹ́ ò kúrò lórí 168. Atẹ́gùn funfun ò sí mọ́.

Gbogbo ohun tí a rà kò tó ìdá mẹ́wàá iye tí wọ́n kọ fún ẹ̀gbọ́n lórí ẹ́ńjìnì tuntun.

Ẹ̀gbọ́n ti ń wo síńkì ní oṣooṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó tún kọ garawa àti aago rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, lẹ́yìn tí a bá sọ ọkọ̀ sómi, á wọn omi ní 2,000, á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, kí òtútù tó dé, a máa fi omi aláwọ̀ osùn wẹ́wẹ́ tí kì í dì gba ipa omi ìta, láti inú asẹ́, títí á fi máa jáde lẹ́yìn ọkọ̀; bí omi Chesapeake bá wà nínú pọ́ǹpù nígbà tí yìnyín dé, irin pọ́ǹpù á là. Omi aláwọ̀ osùn yìí àti kúláńtì aláwọ̀ ewé kì í ṣe nǹkan kan náà. Èyí aláwọ̀ ewé jẹ́ májèlé, inú ẹ́ńjìnì ni ipò rẹ̀.

Ohun tó kù ni ìkán omi kékeré kan lábẹ́ pọ́ǹpù omi ìta, láti inú ihò tí wọ́n dá síbẹ̀ kí omi lè jáde bí sílì inú rẹ̀ bá ti jẹ. Lọ́wọ́ báyìí, ìkán kan ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ di ihò náà pa. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é, torí bí omi ò bá rí ibẹ̀ gbà, inú epo ẹ́ńjìnì ló máa gbà. Sílì tuntun ti wà lọ́nà, a máa tú pọ́ǹpù náà nígbà tí ọkọ̀ bá gòkè sórí ilẹ̀.